Ọkọ̀ Bàbá Ń Yáná

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àlá. Kì í ṣe ohun tí ẹnìkan gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn lójà Àràmọkọ. Ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí wà láàyè ní Ẹ̀fọ̀n lónìí, ó ń tọ́ ọmọ rẹ̀, ọkọ̀ náà sì wà níwájú ilé wọn. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, ọ̀nà kò dí, kí ó lọ wò ó. Kí ó má ṣáà béèrè ìdí lọ́wọ́ wọn. Wọn kò mọ̀ ọ́n.

Kíkẹ́lọmọ ni obìnrin náà ń jẹ́. Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé, lápá òkè, níbi tí ọyẹ́ máa ń kọ́kọ́ yà sí kí ó tó rántí àwọn ará ìsàlẹ̀. Ayọ̀túndé ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ẹ̀bùnolúwa, ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún. Ọmọ náà ní ikọ́ fée. Nígbà òjò, ara rẹ̀ a le koko. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, tí eruku rẹ̀ bá ti wọlé, àyà ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ìdájí ló sì máa ń dé. Ìdájí, nígbà tí òtútù mú jù lọ, tí àkùkọ pàápàá ń ṣe bí ẹni tí ẹnu ń wúwo fún.

Bámigbóyè ni orúkọ bàbá Kíkẹ́lọmọ. Awakọ̀ ni wọ́n títí wọ́n fi darúgbó. Ìgbà tí Kíkẹ́lọmọ wà ní kékeré, ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan ni wọ́n ń wà, wọ́n ń kó kòkó láti Erijiyan lọ sí Ìjerò. Bí ọyẹ́ bá dé, ọkọ̀ náà kì í fẹ́ jí. Nítorí náà, ìyá Kíkẹ́lọmọ ló máa ń kọ́kọ́ dìde. Ìyá a da èésan, ìyẹn èèpo ekùrọ́, sínú àdògán, wọn a fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí yóò fi pọ́n, wọn a kó ògúnná náà sínú agbada àlòkù kan, wọn a rọra tì í sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kíkẹ́lọmọ a wà lórí ẹní, kúbùsù a bò ó dé imú, a máa gbọ́ ìró abẹ̀bẹ̀ ìyá rẹ̀ lóde. Fẹ̀ẹ̀. Fẹ̀ẹ̀. Fẹ̀ẹ̀. Òórùn èésan a gba ojú fèrèsé wọlé. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì yóò húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì dáhùn. Bàbá a ní, "Ọkọ̀ ti yáná, ó ku èmi," ìyá a sì gbé ẹ̀kọ gbígbóná lé wọn lọ́wọ́. Títí di òní, bí Kíkẹ́lọmọ bá gbóòórùn èésan, ojú rẹ̀ a máa ṣe omi.

Ìyá náà kú nígbà tí Kíkẹ́lọmọ ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọn kò rí Ẹ̀bùn rárá.

Nígbà tó yá, Àbáyọ̀mí, àkọ́bí ilé, mú Bàbá lọ sí Kánádà. Ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ìtàn tí wọ́n kó dé pọ̀ ju aṣọ lọ. Wọ́n sọ pé òtútù ibẹ̀ ń pa ọkọ̀ bí ó ti ń pa òròmọdìyẹ. Wọ́n sọ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní wáyà lẹ́nu, pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, onílé a fi wáyà náà sí iná bí ẹni tó fẹ́ se omi tíì, ẹ́ńjìnnì a máa yáná títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní irọ́ tí Bàbá kó bọ̀ láti òkè òkun yìí, ó yẹ kí wọ́n gba owó ibodè lórí rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tí Àbáyọ̀mí fi ránṣẹ́ dé. Ọkọ̀ pupa kékeré. Wáyà dúdú kan yọ láàárín eyín iwájú rẹ̀, ó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ bí ìrù eku tó há sẹ́nu ológbò. Ẹ̀rín parẹ́ lẹ́nu gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá lu ihò sára ògiri iwájú ilé, wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ fẹ́ lọ́dún náà, wọ́n fi ẹnu wáyà sí i, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kọ́ sára ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé kí ó wa ọkọ̀ lọ tòun ti wáyà. Làmídì mẹkáníìkì, ọmọ Ìkìrun tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, jókòó lórí táyà, ó ń wò wọ́n.

"Bàbá, Ẹ̀fọ̀n la wà o. Òtútù tiwa kò lè pa ẹ́ńjìnnì."

"Làmídì, òtútù kì í béèrè orúkọ ìlú."

"Ẹ kúkú ra súwẹ́tà fún un."

"Ìwọ ra ọgbọ́n fún ara rẹ ná."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún. Kíkẹ́lọmọ bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan, ó ní kí ni ìwúlò rẹ̀ gan-an, nígbà tí ọkọ̀ lè jí láìyáná. Bàbá ń ká wáyà náà mọ́ ọwọ́. Wọ́n ní, "Ìgbà tí ìyá yín wà, mi ò nílò wáyà."

Láàárọ̀, Bàbá a gbé Ẹ̀bùn, wọn a fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀bùn a rẹ́rìn-ín, a kọ̀, kò ní fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ibi tí Bàbá ń lọ tí ọmọ náà kò sí lẹ́yìn ọkọ̀: ṣọ́ọ̀ṣì, oko, ibi ìpàdé àwọn awakọ̀ àgbà. Bí Kíkẹ́lọmọ bá ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ kó sinmi, wọn a ní, "Àwa méjèèjì la jọ ń lọ síbi gbogbo." Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń ti sọ ọ́, wọn a ti di ọmọ lọ́wọ́ mú.

Ní ìparí òjò ọdún tó kọjá, Bàbá sùn, wọn kò jí.

Màmá Rebecca, ẹ̀gbọ́n Bàbá, wá síbi ìsìnkú. Ìlóro ni wọ́n ti lọ́kọ, Màmá Ìlóro ni gbogbo ilé sì ń pè wọ́n. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọn kò padà. Wọ́n ní obìnrin kan àti ọmọ aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá gbé irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó ẹrù wọn sí yàrá ẹ̀yìn, ilé sì tún ní àgbà.

Ọyẹ́ wá dé. Ó dé pẹ̀lú ìkanra. Láàárọ̀, òkè kò ní hàn, ojú ọ̀nà kò ní hàn, ilé Làmídì tó wà lódìkejì a dà bí ohun tí wọ́n fi eérú yà. Tiransifọ́mà àdúgbò ti jóná láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, iná kò sí. Ọkọ̀ Bàbá náà sì ṣe ohun tí kò ṣe rí: kò jí ní ìdájí mọ́. Bí oòrùn kò bá tíì kan ògiri, kò ní dáhùn. Làmídì pààrọ̀ bátìrì. Ó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì. Ó họ orí.

"Ìyá Ẹ̀bùn, Bàbá ti ba ọkọ̀ yìí jẹ́," ó wí. "Wọ́n ti fi iná kẹ́ ẹ. Ó ti di ọmọ àgbà."

Kíkẹ́lọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà ni àyà Ẹ̀bùn ti dí ní ìdájí. Ó ti fín oògùn sí i lọ́nà ọ̀fun, kò gbọ́. Ó yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ títí ọwọ́ fi ro ó. Ọ̀kadà ló padà gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ọmọ wà láàárín òun àti ọlọ́kadà, atẹ́gùn ọyẹ́ ń gé wọn bí abẹ. Ètè ọmọ ti ń dúdú nígbà tí wọ́n dé Àràmọkọ. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kò bínú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. Ó ní bó bá tún bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má dúró de oòrùn, kí wọ́n má sì gbé e sórí ọ̀kadà mọ́ nínú òtútù bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ náà kò ní fara da irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Kíkẹ́lọmọ ń gbé sùn, òun náà ló ń gbé jí. Nítorí náà, nígbà tí Làmídì sọ pé ó ṣeé ṣe kí wáyà iwájú yẹn máa fa agbára bátìrì, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kó gé e.

Màmá Ìlóro wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

"Ohun olóògbé kì í kúrò ní ipò rẹ̀ kí ọdún tó yí po," wọ́n wí. "Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe ní ulé yìí."

"Màmá, nítorí ọmọ ni."

"Mo gbọ́. Mo kàn sọ ọ́ ni."

Làmídì gé wáyà náà kúrò lẹ́nu ọkọ̀. Kíkẹ́lọmọ ká a, ó lọ fi í sínú àpótí ní yàrá Bàbá, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dà bí ẹni pé ó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kò tún jí. Wáyà kọ́ ló ń fa bátìrì.

Ìdájí ọjọ́ kẹta ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀.

Kíkẹ́lọmọ ti sọ ọ́ di àṣà láti máa jáde lọ yí ọkọ̀ wò kí ọmọ tó jí, bóyá yóò gbọ́. Ó jáde. Òde dákẹ́. Kò sí ajá, kò sí ẹyẹ. Eruku ọyẹ́ ti bo ọkọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó lè gba àárín òun àti ògiri kọjá.

Ó fa ọwọ́ yọ.

Ó tún gbé e lé e. Bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin. Kò gbóná jù. Ó rí bí ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lórí oorun. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ìdí wáyà tí Làmídì gé wà níbẹ̀, ó gé síbẹ̀, kò kan ohunkóhun. Ó wọnú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹnìkan ló jí ọkọ̀ wà lóru. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ti sùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ bu eérú nílé Làmídì, ó wọ́n ọn yí ọkọ̀ ká, ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ kò lè kọjá kó má hàn. Ní ìdájí, ó mú tọ́ọ̀ṣì jáde. Eérú náà tẹ́ lọ bí ó ti fi í sílẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ ènìyàn, kò sí ẹsẹ̀ ẹranko.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì sì gbóná.

Ó lọ jí Màmá Ìlóro. Wọ́n wé aṣọ mọ́ra jáde, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n wo eérú, wọ́n wo ọkọ̀. Wọn kò fọwọ́ kàn án.

"Ṣé ó jó ọ lọ́wọ́?"

"Rárá, Màmá."

"Ta wá ni kí n lé?"

Wọ́n padà wọlé lọ sùn.

Nígbà tí Làmídì yọjú, Kíkẹ́lọmọ pè é kí ó wá fọwọ́ kàn án. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú àwàdà lẹ́nu, ó ti ń béèrè bóyá Bàbá ti rán iná wá láti ọ̀run ni. Ó gbé ọwọ́ lé e. Àwàdà náà kú sí i lẹ́nu. Ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó gbé e lé páìpù ẹ̀yìn. Páìpù ẹ̀yìn tutù bí yìnyín. Ọkọ̀ náà kò rìn lóru yẹn. Làmídì ṣí fìlà.

"Bàbá Ràṣídátù, kí lẹ rí?" Kíkẹ́lọmọ bi í. Ràṣídátù ni ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà.

"Mi ò rí nǹkan kan." Ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó nù ún títí. "Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ kí n ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán."

Kíkẹ́lọmọ pe ọkọ rẹ̀ ní Àbújá. Ayọ̀túndé kò pè é ní irọ́. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù. Ohun kan ṣoṣo ló bi í.

"Ta ni Bàbá fẹ́ràn jù nínú ilé yẹn?"

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

"Má gbé ọmọ mi sínú ọkọ̀ yẹn," Ayọ̀túndé wí.

Láti ọjọ́ náà, ìgbóná tó ń tù ú nínú di ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó jókòó lẹ́bàá ibùsùn ọmọ, ó ń wò ó. Ó rántí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ọmọ nínú ọwọ́ wọn. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ síbi gbogbo. Ènìyàn kì í dáná fún ọkọ̀ lásán. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò ló ń dáná fún ọkọ̀. Ta wá ló fẹ́ rìnrìn àjò? Ta ni wọ́n sì fẹ́ mú lọ?

Ó lọ bá Ẹniọlá, onítakisí kan tó ń gbé nísàlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé ìgbàkígbà tí òun bá pè é, kó gbà. Ẹniọlá ṣèlérí. Kíkẹ́lọmọ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri pẹ̀lú báírò. Ó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ Bàbá fún Màmá Ìlóro, ó ní òun kò fẹ́ rí i. Kò jáde ní ìdájí mọ́. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, ó mọ̀. Inú ilé ló wà tó ti ń gbóòórùn rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ohun tí ènìyàn fẹ́ rántí tí kò tíì rántí. Òórùn èésan. Àdògán kò sí nílé náà mọ́ láti bí ọdún mẹ́wàá. Gáàsì ni wọ́n fi ń dáná.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹfà tí ọkọ̀ ti ń gbóná, àyà Ẹ̀bùn dí.

Kò súfèé rárá lọ́tẹ̀ yìí. Ìdákẹ́rọ́rọ́ rẹ̀ ló jí ìyá rẹ̀. Ọmọ náà jókòó lórí ibùsùn, ó di etí kúbùsù mú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò sí ìró kankan. Kíkẹ́lọmọ fín oògùn sí i lọ́fun. Ó tún fín in. Ó pe Ẹniọlá. Fóònù Ẹniọlá wà ní pípa. Ó pè é lẹ́ẹ̀meje. Ó sáré jáde, ó kan ìlẹ̀kùn Làmídì, ìyàwó rẹ̀ yọjú, ó ní Làmídì ti lọ sí Ìkìrun láti àná. Kùrukùru bo gbogbo ojú ọ̀nà. Kò sí ọ̀kadà kan lóde.

Nígbà tó padà, Màmá Ìlóro ti gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn, wọ́n ti dì í mọ́ra pẹ̀lú kúbùsù. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn.

"Kíkẹ́, ṣí ọkọ̀."

"Màmá, bó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n fẹ́ mú un lọ ńkọ́?"

"Bí a bá dúró síbí, ta ni yóò mú un?"

Kíkẹ́lọmọ gba kọ́kọ́rọ́.

Ọkọ̀ náà ti gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìrì ti gbẹ lójú gíláàsì iwájú, nígbà tí gíláàsì ẹ̀yìn ṣì funfun. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí láìhúkọ́. Màmá Ìlóro jókòó sẹ́yìn, wọ́n ti sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n gbé e mọ́ àyà. Bàbá ló kọ́ Kíkẹ́lọmọ ní ọkọ̀ wíwà, lórí òkè yìí kan náà. Ó ń rántí ohùn wọn ní gbogbo kọ́nà: rọra, má tẹ bíréèkì lójijì, jẹ́ kí ọkọ̀ mí. Kò rí ju ìwọ̀n ilé kan lọ níwájú. Ó rọra. Ó ń gbàdúrà nínú, kò mọ ẹni tó ń gbàdúrà lòdì sí.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Erìò nígbà tí ó gbọ́ ọ.

Ìró kan ń ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wá. Kì í ṣe ìró irin. Ó rọ̀, ó ń lọ déédéé.

Fẹ̀ẹ̀. Fẹ̀ẹ̀. Fẹ̀ẹ̀.

Atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ jáde láti ihò atẹ́gùn iwájú, nínú ọkọ̀. Ihò yẹn kò fẹ́ nǹkan kan jáde rí láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dé. Òórùn èésan gba inú ọkọ̀. Gbogbo irun ara Kíkẹ́lọmọ dìde. Ó fẹ́ tẹ bíréèkì, kí ó ṣí ìlẹ̀kùn, kí ó gbé ọmọ rẹ̀ sá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí bíréèkì.

"Má dúró," Màmá Ìlóro wí lẹ́yìn. Ohùn wọn kéré. "Gbọ́ ọmọ."

Ó tẹ́tí. Ẹ̀bùn ti ń mí. Ó gbọ́ ọ kedere. Èémí ọmọ náà ń wọlé, ó ń jáde, ó sì ń bá ìró yẹn lọ ní ẹsẹ̀ kan náà. Fẹ̀ẹ̀, ó mí sínú. Fẹ̀ẹ̀, ó mí síta. Bí ìró náà bá falẹ̀, èémí rẹ̀ a falẹ̀.

"Mọ́mì," ọmọ náà wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti jí nìyẹn. "Ta ló ń fẹ́ná?"

Ìró náà bá wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nígbà tí Kíkẹ́lọmọ pa ẹ́ńjìnnì, kò dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó tún lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó dúró.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ ìtọ́jú sí Ẹ̀bùn nímú, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Dókítà gbé ẹ̀rọ lé àyà rẹ̀, ó gbọ́ ọ níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn. Ó ní bí àyà náà ṣe dí tó, òun kò mọ bí ọmọ yìí ṣe mí dé ibẹ̀. Ó béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún un lójú ọ̀nà. Kíkẹ́lọmọ wo Màmá Ìlóro.

"A mú un mọ́ra ni," Màmá Ìlóro dáhùn.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n padà sílé. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, Kíkẹ́lọmọ jáde lọ fọwọ́ kan ọkọ̀. Ó tutù. Ó tutù bí òkúta inú odò, ìrì sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí, bí ọkọ̀ gbogbo ayé ṣe ń jí. Kò gbóná ní ìdájí mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó yẹ kí inú obìnrin náà dùn. Inú ọkọ̀ ló jókòó sí, tó sunkún bí ọmọdé tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé.

Ayọ̀túndé wálé, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń sáré kiri, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sì tún dárúkọ ọkọ̀. Ikọ́ fée kò tún dé. Ọyẹ́ le sí i lóṣù kìíní, gbogbo ọmọ àdúgbò ń wúkọ́, Ẹ̀bùn kò wúkọ́.

Kíkẹ́lọmọ ní ohun kan tí kò tíì sọ fún ọkọ rẹ̀.

Láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń ṣàìsàn, ó máa ń na ọwọ́ sábẹ́ kúbùsù ní ìdájí kí ó lè mọ̀ bó ń mí. Ní òwúrọ̀ kan báyìí, Ẹ̀bùn dojú bolẹ̀ sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè. Láàárín èjìká rẹ̀ méjèèjì, ibì kan gbóná. Gbogbo ara yòókù tutù díẹ̀, bí ara ọmọ ṣe ń rí nínú ọyẹ́. Ibi kan ṣoṣo yẹn ló lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó rò pé ibà ni, ó lọ mú ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì fún un. Kì í ṣe ibà. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà yí padà lójú oorun, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Kíkẹ́lọmọ wá ibi gbígbóná náà lẹ́yìn rẹ̀, kò rí i. Àyà ọmọ ló wà. Ó ti ṣí kúrò lẹ́yìn bọ́ sí iwájú. Ibi tó bá wà lókè ló máa ń wà, láràárọ̀, títí oòrùn yóò fi kan fèrèsé.

Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Kò tó ọwọ́ Bàbá, ó sì ju ọwọ́ ìyá Kíkẹ́lọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló lè rántí ìwọ̀n ọwọ́ ẹni tó ti lọ tipẹ́?

Kò pe pásítọ̀. Kò sọ fún Màmá Ìlóro, Màmá Ìlóro kò sì béèrè. Ní ìdájí, bó bá ti jí, ó kàn máa ń sún mọ́ ọmọ, a gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e lára, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. A fi àyè sílẹ̀.